Ẹ̀yin ará Madison, báwo ni ọdún kan ṣe ń lọ ní yunifásítì yẹn gan-an?

OmoOgbomoso (Méè 2024)

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí àmọ́ mi ò béèrè nǹkan kan rí. University of Wisconsin tó wà ní Madison, ní Amẹ́ríkà, ti gbà mí fún PhD, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni mò ń ṣe, Fall tó ń bọ̀ yìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní iṣẹ́ TA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, físà náà ti jáde.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ bí ọdún ṣe ń rí lọ́hùn-ún. Ọmọ ìgbà sítíráìkì ni mí. Ti 2020 ká mi mọ́ 400 level, oṣù mẹ́sàn-án la fi jókòó sílé, mo ní ó dáa, kí n ṣáà parí kí n wá ṣe Masters, bí mo ṣe wọlé báyìí ti 2022 tún dé, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kàlẹ́ńdà yunifásítì lójú tèmi dà bí àdúrà ni, èèyàn á gbà á tán á wá máa wojú Ọlọ́run.

Lẹ́tà wọn sọ pé oṣù mẹ́sàn-án lowó TA. Oṣù mẹ́ta yòókù wá ńkọ́? Ìgbà wo ló yẹ kí n dé? Ìyàwó mi àti ọmọ wa máa tẹ̀ lé mi tó bá yá, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń ní hólídè, mi ò rí èsì fún un. Òtútù náà tún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ rárá.

AgbaAkeko

Àbúrò, kú oríire o. Madison náà lèmi wà, ìwé àṣekágbá mi ni mò ń kọ lọ́wọ́, torí náà o bá mi níbi tí mo ti ń wá nǹkan míì tí mo lè ṣe.

Kàlẹ́ńdà ibí kì í ṣe àdúrà o. Lọ wo wẹ́ẹ̀bù wọn báyìí, wàá rí ti ọdún tó ń bọ̀ àti ti ọdún mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, ọjọ́ tí ẹ máa wọ gáùn. Ohun tó ń pa àwa tá a ti ilé wá lára nìyẹn, torí ó ti mọ́ wa lára pé tí nǹkan ò bá tíì tò wọ́n á sún un síwájú, o lè máa ka ìwé díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi lẹ tàìmùtébù ìdánwò. Níbí ọdún ti ń sáré kó o tó tú báàgì ẹ.

Ọ́gọ́ọ̀sì ló yẹ kó o dé. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó wà lórí I-20 ẹ, ìwé tí yunifásítì fún ẹ láti fi gba físà, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n gbà kó o wọlé, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ilé ní Madison tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ rẹ́ǹtì ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń parí lọ́sàn-án 14 Ọ́gọ́ọ̀sì, tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 15. Ìdajì ìgboro ló ń kó ẹrù lọ́jọ́ kan náà! Ẹni tí wọ́n ti lé jáde níbi tó wà tí wọn ò sì tíì fún ní kọ́kọ́rọ́ ibi tó ń lọ, inú mọ́tò ló máa sùn mọ́jú tàbí kó lọ tọrọ pálọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Gbogbo ohun tí wọn ò lè kó, sófà, tábìlì, fáànù, ìkòkò, tẹlifíṣàn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n ń pè é ní Hippie Christmas. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà tó jẹ́ pé gbogbo pálọ̀ wọn, kò sí èyí tí wọ́n fowó rà ńbẹ̀. Ìwọ náà lọ kó tìẹ, má tijú, àmọ́ má gbé mátírẹ́ẹ̀sì wọlé o, ìdun ò mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Owó. Mú owó ilé àti oúnjẹ dání, torí owó TA kì í wọlé lọ́jọ́ tó o bá dé, Ọ̀kùtóbà ni tèmi kọ́kọ́ wọlé, lánlọ́ọ̀dù ò sì ní dúró de Ọ̀kùtóbà. Owó iléèwé wọ́n ti mú un kúrò lọ́rùn ẹ nítorí TA yẹn lóòótọ́, àmọ́ owó kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní segregated fees, ìwọ lo máa san án ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ka lẹ́tà ẹ dáadáa.

Kíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Labor Day, ìyẹn Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Sẹ̀tẹ́ńbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pròfẹ́sọ̀ á fún yín ní syllabus, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe títí dé Dìsẹ́ńbà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi í sílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà wà ńbẹ̀. Kì í ṣe pé èèyàn á wá fi ìdánwò kan ṣoṣo gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì báyìí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Nígbà tí Ọ̀kùtóbà bá fi máa jáde midterm, ìdánwò àárín sẹ̀mẹ́sítà, ti lọ, máàkì ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà ní àwọn ọmọ tó o máa máàkì fún torí TA ni ẹ́, ìwé ìdánwò ọgọ́rin ọmọ lè wà lórí tábìlì ẹ lọ́sẹ̀ tí ìdánwò tìẹ náà bọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn ní Camp Randall, má pète pé o máa lọ síbi kankan ní Sátidé. Bọ́ọ̀lù olórí ẹyin yẹn ni o, kì í ṣe èyí tá a mọ̀. Sítádíọ̀mù yẹn gba èèyàn tó lé ní 75,000, pupa ni gbogbo wọn ń wọ̀, láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń mu bíà níwájú ilé. Tó bá ku ìpele kan kí eré parí wọ́n á fi orin kan sí i, gbogbo apá ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tó o bá wà níbẹ̀ wàá mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣá, bí o ò bá tiẹ̀ mọ òfin eré náà, torí ẹnikẹ́ni tó o bá pàdé láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nòfẹ́ńbà ọ̀rọ̀ yẹn ló máa bá ẹ sọ.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Nòfẹ́ńbà wọ́n á yí aago padà, wákàtí mẹ́fà tó wà láàárín àwa àti ilé á di méje, kó o tètè sọ fún ìyàwó ẹ kó má baà rò pé o ń sá fún ìpè òun. Hólídè Thanksgiving ní Tọ́sìdeè kẹrin oṣù yẹn, kámpọ̀ọ̀sì á dá páropáro. Lẹ́yìn ẹ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù, ìdánwò dé, ó sì parí kí Kérésì tó dé. Sẹ̀mẹ́sítà kejì ń bẹ̀rẹ̀ ní bí 20 sí 25 Jánúárì, spring break ọ̀sẹ̀ kan ní Máàṣì, ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ Méè, ó parí. Ọdún kan nìyẹn, oṣù mẹ́sàn-án ni lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta yòókù, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì owó TA ò sí, àfi tó o bá rí kíláàsì summer kọ́, tàbí kí ọ̀gá ẹ ní owó ìwádìí tó lè fi gbà ẹ́ bí RA, olùrànlọ́wọ́ ìwádìí, ẹ̀yin ará iṣẹ́ àgbẹ̀ sì máa ń rí iyẹn torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ oko wà. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ nínú méèlì NÍSINSÌNYÍ, kì í ṣe ní Épìrì. Èmi o, ọdún àkọ́kọ́ mi, owó oṣù mẹ́sàn-án yẹn ni mo pín sí méjìlá láti oṣù tó kọ́kọ́ wọlé. Tí ilé-ìwé bá ń lọ wákàtí ogún lọ́sẹ̀ ni físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, gbà ẹ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú kámpọ̀ọ̀sì, nígbà hólídè ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìta kámpọ̀ọ̀sì, má dán an wò láìgba àṣẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún ẹ pé kó o fi orúkọ òun wa mọ́tò gbé èrò, sá fún un.

Iya_Titilope

Ẹ kú oríire o ọmọ mi. Ibòmíì ni tèmi, mo wá kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún kan lábẹ́ FLTA, ètò Fulbright fún àwọn olùkọ́ èdè, àmọ́ mo wá kí wọn ní Madison rí torí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè Áfíríkà tibẹ̀ ti wà láti 1964, wọ́n sì ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀, ẹ lọ kí wọn tẹ́ ẹ bá dé, ẹ máa rí òyìnbó tó máa kí yín lẹ́ kú ọjọ́ mẹ́ta.

AgbaAkeko ti sọ ti owó àti ọjọ́. Tèmi ni ti inú kíláàsì, torí TA lẹ máa ṣe.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi báyìí, ọmọ ogún ọdún kan pe orúkọ mi gbosoro, kò sí mà, kò sí àǹtí. Inú bí mi. Mo yíjú, mo rí i pé ọ̀nà kan náà ló fi ń pe pròfẹ́sọ̀ tó ti hewú, ìyẹn sì ń dá a lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín. Ẹlòmíì ń jẹ sáńwíìṣì lójú mi, ẹlòmíì gbé ẹsẹ̀ sórí àga. Ẹ má bá wọn jà, kò sí èyí tí wọ́n fi ń rí yín fín ńbẹ̀. Àmọ́ ní tèmi kíláàsì Yorùbá ni, mo ní ẹni tó bá ti wọlé á kí mi bí ọmọ gidi, nígbà tó fi máa di Nòfẹ́ńbà ọmọkùnrin gìrìwò kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi níwájú láíbìrì, gbogbo èèyàn dúró tí wọ́n ń wò wá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Tí kíláàsì bá jẹ́ aago mẹ́wàá, mẹ́wàá ni. Tó bá ku ìṣẹ́jú kan kó parí wàá máa gbọ́ fáàà fáàà, síìpù báàgì wọn nìyẹn, bó ṣe wù kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ dùn tó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà, àwọn ọmọ náà ló ń máàkì olùkọ́! Fọ́ọ̀mù ni, wọn ò kọ orúkọ sí i. Ọmọ tẹ́ ẹ fún ní C á sọ tẹnu ẹ̀. Ọ̀kan kọ ọ́ nípa tèmi pé mo máa ń pariwo tí inú mi bá ń dùn. Òótọ́ ni, kí ni mo fẹ́ sọ.

Tí ọmọ kan bá wá sọ́dọ̀ yín ní office hours, wákàtí tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè wọn, tó ń sunkún nítorí B, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má sọ fún un pé nílé yín carry-over mẹ́fà ni èèyàn ń ní tó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò yé e.

Baba_Milwaukee

AgbaAkeko má dẹ́rù ba ọmọ yẹn jù jàre, ó fi owó àti ìdánwò ṣe gbogbo ọdún, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ òtútù tí wọ́n bi í. Èmi ti lé ní ogún ọdún ní Wisconsin, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló jáde ní Madison.

Òtútù wà, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ti 2023 sí 2024 yìí rọrùn gan-an ni, má fi ṣe òdiwọ̀n. Ní ìparí Jánúárì 2019 ó wọ -30 Celsius, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tún mú un burú sí i, yunifásítì fúnra ẹ̀ ti kíláàsì fún ọjọ́ méjì, wọn kì í sì í ti ilé-ìwé nítorí yìnyín lásán. Má ra kóòtù ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ níbẹ̀ pé ti òtútù ni, kádígàn ni níbí. Dúró títí wàá fi dé, lọ sí St. Vincent de Paul tàbí Goodwill, kóòtù gidi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti wọ̀ ṣíwọ́ wà níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bàtà àti ìbọ̀wọ́ ni kó o má fi ṣahun.

Adágún Mendota ni yunifásítì náà jókòó tì. Tí òtútù bá mú dáadáa omi yẹn á dì gbagidi, àwọn èèyàn á máa rìn lórí ẹ̀, wọ́n á lu ihò sí i wọ́n á jókòó tì í wọ́n á máa pẹja. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nígbà kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ yẹ̀yẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pail and Shovel, wọ́n ní tí wọ́n bá dìbò fún àwọn àwọn á gbé Statue of Liberty wá sí Madison. Wọ́n mà wọlé! Ní 1979 wọ́n kan orí ẹ̀ àti ọwọ́ tó fi di iná mú, wọ́n gbé e sórí yìnyín adágún, ẹni tó bá wò ó á rò pé ìyókù ara ẹ̀ ti rì sínú omi. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ri ẹyẹ flamingo oníke tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́lẹ̀ káàkiri Bascom Hill, òkè tó wà nínú kámpọ̀ọ̀sì, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé. Owó akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀ o. Ẹ wò ó kí SUG tiwa dán irú ẹ̀ wò kẹ̀, ṣé àwọn ọmọ ò ní dáná sun kámpọ̀ọ̀sì lọ́jọ́ náà? Wọ́n ṣì ń gbé orí yẹn jáde di òní, oníròòbà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n ń lò báyìí.

Ọ̀rọ̀ sítíráìkì tó o sọ yẹn, má rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n níbí. Àwọn TA Madison ló dá ẹgbẹ́ TAA sílẹ̀ ní 1966, òun ni wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ jù lọ, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ní 1970 kí wọ́n tó fún wọn ní àdéhùn. Ní 2011 tí Gómìnà Scott Walker gbé òfin Act 10 wá láti gba ẹ̀tọ́ ìdúnàádúrà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn náà wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ tú jáde, wọ́n sùn nínú Capitol, ilé ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní ìparí State Street yẹn. Òfin ọ̀hún kọjá ṣá. Ní ìparí Épìrì 2024 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàgọ́ sí Library Mall, gbàgede inú kámpọ̀ọ̀sì, nítorí Gásà, ọlọ́pàá wá tú àgọ́ wọn ní ọjọ́ kìíní Méè, wọ́n mú àwọn kan, wọ́n tún padà pa á, ìdúnàádúrà ló parí ẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Ìwé àwọn ọmọ ò sì dúró lọ́jọ́ kan. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, kíláàsì ń lọ, ìdánwò ń lọ, wọ́n ṣe commencement, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Camp Randall lẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìwọ tó o ní físà F-1, kó o tó tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni wọ àgọ́, rántí pé ọmọ onílùú tí wọ́n bá mú ilé ni yóò padà sí.

Summer tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn ni Madison dùn jù. Lọ jókòó ní Terrace lẹ́yìn Memorial Union létí adágún, àwọn àga aláwọ̀ ewé, yẹ́lò àti ọsàn, wọ́n ń kó wọn jáde ní Épìrì, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Ra ice cream Babcock tí iléèwé fúnra wọn ń fi wàrà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ, jọ̀ọ́ gbọ́ ọ dáadáa. F-2, físà ti ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n máa fún un, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá, bó ti wù kó kàwé tó. Ọmọ á lè lọ sí iléèwé. Ẹ jọ sọ ọ́ kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó wá ń jókòó sílé láti Nòfẹ́ńbà sí Máàṣì tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo ti rí ibi tó gbé wọn dé rí.

OmoOgbomoso

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Báńkà ni ìyàwó mi, ti F-2 yẹn bá mi lójijì, a máa sọ ọ́ lálẹ́ òní. Mo ti kọ méèlì sí ọ̀gá mi nípa summer, ó dáhùn láàárín wákàtí méjì, ó ní ká sọ ọ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà àmọ́ ó rò pé owó máa wà. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni?

Èkejì, Kérésì ńkọ́? Mọ́mì mi ní kí n ṣèlérí pé mo máa wá.

AgbaAkeko

Tó bá ní òun rò pé owó máa wà, ó ń bọ̀ ni, kò tíì dé. Rán an létí ní Sẹ̀tẹ́ńbà bó ṣe wí.

Kérésì, má ṣèlérí fún Mọ́mì. Owó TA oṣù mélòó kan ò tíì tó tíkẹ́ẹ̀tì Dìsẹ́ńbà, gbogbo ayé ló ń wálé nígbà yẹn. Summer ló dáa kó o lọ, tàbí ọdún kejì. Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́ jáde, wò ó dáadáa pé físà ẹ ṣì máa ní agbára lọ́jọ́ tó o máa padà wọlé, kí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sì ti buwọ́ lu I-20 ẹ láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Épìrì tún wà, tí wọ́n ń gba ìwé owó-orí títí di ọjọ́ 15, fọ́ọ̀mù 8843 ni kó o máa fi ránṣẹ́ bí o ò tiẹ̀ rí kọ́bọ̀, tó o bá rí owó wàá fi 1040-NR sí i.

Tó o bá já sí O'Hare ní Chicago, má wọ ọkọ̀ òfuurufú míì wá sí Madison, ó ń wọ́n. Bọ́ọ̀sì Van Galder ń gbé èèyàn láti ẹnu ibẹ̀ wá sí Madison tààrà. Má fi ìwọ̀n ẹrù ẹ kó ìrẹsì o, ó kún súpámákẹ́ẹ̀tì Woodman's. Èlùbọ́ ni kó o gbé.

Iya_Titilope

Àti ata gígún. Ata wọn ò ta.